Láti Ọ̀pá Amọ̀nà dé Ẹ̀rọ Tó Ń Ríran: Ìtàn Afọ́jú, Bébà àti Kọ̀ǹpútà ní Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì

Ọ̀nà tó ti Adó-Èkìtì lọ sí ìwọ̀-oòrùn gba Ìyìn àti Ìgèdè kọjá, ó wọ Àrámọ̀kọ, ó gba Ìtawúrẹ́, ó sì gun òkè lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè kó tó sọ̀ kalẹ̀ sí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ìjerò wà ní apá àríwá ọ̀nà náà, òun pẹ̀lú Ìpótì, Ìkòrò àti Òdò-Ọwá. Ilẹ̀ òkè àti àfonífojì ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ là kedere gan-an ní láti wo ilẹ̀ kó tó gbé ẹsẹ̀. Lórí ilẹ̀ yìí kan náà ni àwọn tí kò ríran ti ń gbé láti ìrandíran, tí wọ́n ń lọ sí oko, tí wọ́n ń ná ọjà, tí wọ́n sì ń tọ́ ọmọ.

Ìtàn tí a fẹ́ tò lẹ́sẹẹsẹ níbí ni ti ohun tí wọ́n fi ń mọ ayé láìlo ojú: ọmọ amọ̀nà, ọ̀pá, ìka ọwọ́, etí, àti ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tó ń wo nǹkan lónìí, tó sì ń sọ ohun tó rí. Ẹ̀kọ́ méjì ni ìtàn náà kọ́ wa. Èkíní ni pé púpọ̀ nínú ohun tí afọ́jú pàdánù, bébà ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Èkejì ni pé kò sí amọ̀nà tó lè júwe ibi tí wọn kò mú un dé rí, ì báà jẹ́ ọmọ kékeré ilé, ì báà jẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà.

Nígbà tí ọwọ́ àti etí ṣì tó

Kí ìwé àti owó bébà tó dé, ẹni tí kò ríran kò jìnnà sí ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìmọ̀. Etí ni gbogbo ènìyàn fi ń kọ́ ẹ̀kọ́. Ẹsẹ Ifá, oríkì, ìtàn ìdílé, òfin ìlú àti oògùn, ẹnu àgbà ni wọ́n ti ń jáde, inú orí ni wọ́n sì ń pa wọ́n mọ́ sí. Orúkọ Alárá àti Ajerò, àwọn ọba tó ń jẹ lórí ilẹ̀ tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, wà káàkiri nínú ẹsẹ Ifá. Ẹni tí etí rẹ̀ bá dá ṣáká tí iyè rẹ̀ sì jí lè mọ ìtàn wọn délẹ̀, yálà ó ríran tàbí kò ríran.

Bẹ́ẹ̀ ni owó náà rí. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ka owó ẹyọ: wọn a máa kó o ní márùn-ún márùn-ún, wọn a ṣírò rẹ̀ dé ogójì, dé igba, dé ẹgbàá. Ìka afọ́jú kò rẹ̀yìn nínú iṣẹ́ yìí. Nígbà tí ìjọba òyìnbó dá ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó owó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ ní ọdún 1912, tí owó onírin ń gba ipò owó ẹyọ díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ ṣì tún tó. Ọ̀nínì àti kọ́bọ̀ ní ihò láàárín, ọ̀kan sì tóbi ju èkejì lọ. Tọ́rọ́, sísì àti sílè kò ní ihò, ìwọ̀n wọn sì yàtọ̀ síra. Ìyá tí kò ríran tó ń ta epo lè mọ iye tí wọ́n kó lé òun lọ́wọ́ kí oníbàárà tó kúrò nídìí igbá rẹ̀.

Iṣẹ́ ọwọ́ náà kò wọ́n. Òwú ríràn, okùn lílọ́, agbọ̀n híhun, ẹ̀gúsí bíbó, kò sí èyí tí ìka kò lè ṣe níbẹ̀. Ní ti ìrìn, wọ́n máa ń yan ọmọ ilé kan ti bàbá tàbí ìyá àgbà. Ọmọ náà a di orí ọ̀pá mú níwájú, àgbà a di ìdí rẹ̀ mú lẹ́yìn, wọn a sì jọ máa lọ. Ọmọ yìí ni ojú àgbà náà: òun ló ń sọ pé òkúta wà níwájú, òun ló ń sọ ẹni tó ń bọ̀ kí wọ́n tó kí ara wọn. Ìfẹ́ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní iye tó ń ná ni. Nígbà tí ilé-ìwé dé, ọmọ amọ̀nà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ pàdánù rẹ̀, nítorí pé àgbà kò lè jáde láìsí i.

Àwọn àrùn tó ń fọ́ ojú ní agbègbè yìí kò kéré. Ṣọ̀pọ̀ná, tí àwọn àgbà kì í fẹ́ dárúkọ, tí wọ́n ń pè ní ilẹ̀ gbígbóná, a máa pa ènìyàn, a sì máa fọ́ ojú àwọn kan tó bá yè é. Ọdún 1970 ni wọ́n rí ẹni ìkẹyìn tó ní in ní Nàìjíríà. Èéyi àti àìjẹunre ba ojú ọmọdé jẹ́. Ní etí odò tó ń ṣàn pẹ̀lú agbára láàárín òkúta, irú èyí tó pọ̀ ní Èkìtì, eṣinṣin dúdú kékeré kan wà tó ń jẹni, tó sì ń fi kòkòrò sínú ara. Ìnárun ni àrùn náà. Ó ń yún ara, ó ń sọ awọ di bíi ti àgbàlagbà láìtọ́jọ́, bó bá sì pẹ́ nínú ara, ó ń fọ́ ojú. Ní ọdún 1987 ni ilé-iṣẹ́ Merck kéde pé àwọn yóò máa fún ayé ní oògùn rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Láti ọdún 1995, ètò kan fún gbogbo Áfíríkà mú un dé abúlé, ó sì jẹ́ kí ará abúlé fúnra wọn yan ẹni tí yóò máa pín in fún wọn.

Ìwé dé, afọ́jú wà lẹ́yìn

Ọ̀rúndún 20 mú kí ìwé gbilẹ̀ ní Èkìtì. Wọ́n dá Christ's School sílẹ̀ ní Adó ní ọdún 1933. Ní oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ará Èkìtì gbá ẹ̀kọ́ mọ́ra débi pé orúkọ wọn di ti àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ojú ni ìwé títẹ̀ ń béèrè. Ọmọ tí kò ríran jókòó sílé nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbé síléètì kọjá lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tí ì bá dọ́gba pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀ láyé tí etí jẹ́ ọ̀nà ẹ̀kọ́ wá di ẹni tí wọ́n ń pè ní aláìmọ̀wé.

Ìgbàgbọ́ ni ọ̀pọ̀ gbójú lé. Nígbà tí ìsọjí Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá bẹ́ sílẹ̀ ní Iléṣà ní ọdún 1930, tó sì ti ibẹ̀ dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, àwọn aláìsàn wọ́ tẹ̀lé e láti ìlú dé ìlú, afọ́jú wà lára wọn. Ẹ̀fọ̀n ni ibojì wòlíì náà wà títí di òní, àwọn ènìyàn sì ń lọ síbẹ̀ láti gbàdúrà.

Ọ̀nà ìwé fún afọ́jú ti là ní ilẹ̀ òkèèrè ṣáájú ìgbà yẹn. Louis Braille, ọmọ Faransé tí wọ́n bí ní ọdún 1809, fi irinṣẹ́ gún ara rẹ̀ lójú níbi iṣẹ́ awọ bàbá rẹ̀ nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 3, ojú méjèèjì sì fọ́. Ní ọdún 1824, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 15, ó ti to àmì mẹ́fà tó yọ sókè lórí bébà, tí ìka lè kà bí ojú ṣe ń ka lẹ́tà. Ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ kí ìmọ̀ yìí tó rẹsẹ̀ walẹ̀ ní Nàìjíríà. Àwọn míṣọ́nárì dá ilé-ìwé àwọn afọ́jú sílẹ̀ ní Gindiri, lórí ilẹ̀ Plateau, ní ọdún 1953. Ẹgbẹ́ kan fún àwọn afọ́jú Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1955, wọ́n sì ṣí ibi ìkọ́ṣẹ́ sí Òṣòdì. Ìjọ Kátólíìkì dá ilé-ìwé Pacelli sílẹ̀ ní Sùúrùlérè ní ọdún 1962. Ní ọdún 1977, ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè fi ẹ̀kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó nílò àkànṣe ìtọ́jú sínú ìwé, ọdún yẹn kan náà ni wọ́n sì dá kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ àkànṣe sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Ní Èkìtì fúnra rẹ̀, Ìkẹ́rẹ́ ni ilé-ìwé àwọn afọ́jú wà, ní gúúsù ìpínlẹ̀, tó jìnnà sí Ẹ̀fọ̀n àti Ìjerò.

Ẹni tí kò rí ilé-ìwé lọ máa ń fi ohùn wá oúnjẹ rẹ̀. Ẹni tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn ni Benjamin Aderounmu, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Kòkòrò, ọmọ Ọ̀wọ̀ tí wọ́n bí ní ọdún 1925. Ojú rẹ̀ fọ́ nígbà tó wà ní kékeré, ó sì fi orin àti ìlù kékeré ọwọ́ rẹ̀ gba ìgboro Èkó kan fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí ó fi kú ní ọdún 2009. Òkìkí rẹ̀ kàn dé inú ìwé ìtàn Cyprian Ekwensi. Iyì ni fún un, ṣùgbọ́n ìgboro ni ilé-iṣẹ́ rẹ̀, nítorí pé ilé-iṣẹ́ tí bébà ń darí kò ní àyè fún un.

Ẹ̀rọ tó kọ́kọ́ gbìyànjú láti kàwé

Braille ní ìdíwọ́ kan: ẹlòmíràn ní láti kọ́kọ́ da ìwé náà kọ kí afọ́jú tó lè kà á. Lẹ́tà tó ti ọ̀dọ̀ ọmọ wá, ìwé ilé-ẹjọ́, ìwé owó orí, kò sí ẹni tó ń da ìwọ̀nyí kọ. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ń wá ẹ̀rọ tí yóò ka ìwé lásán.

Ní ọdún 1913, Edmund Fournier d'Albe ṣe ẹ̀rọ kan ní Birmingham tó ń sọ àwòrán lẹ́tà di ohùn orin. Ẹni tó ń lò ó a máa fi etí dá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan mọ̀. Ní ọdún 1918, obìnrin tí kò ríran kan, Mary Jameson, fi í kàwé níwájú àwùjọ, nǹkan bí ọ̀rọ̀ kan ní ìṣẹ́jú kan. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀jọ̀gbọ́n John Linvill ṣe ẹ̀rọ Optacon nítorí ọmọbìnrin rẹ̀ tí kò ríran. Ẹ̀rọ náà dé ọjà ní ọdún 1971. Ọwọ́ kan a máa fi kámẹ́rà kékeré tọ orí ìlà ìwé, ìka ọwọ́ kejì a sì máa mọ lẹ́tà náà lára bó ṣe ń gbọ̀n. Lẹ́yìn náà, ní oṣù kìíní ọdún 1976, Ray Kurzweil gbé ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ojú ìwé, tó ń dá lẹ́tà mọ̀, tó sì ń kà á sókè pẹ̀lú ohùn jáde. Olórin Stevie Wonder, tí òun náà kò ríran, rà á. Iye owó rẹ̀ pọ̀ débi pé ilé ìkàwé àti ilé-ẹ̀kọ́ ńlá ló lè ra òmíràn. Ní ọdún yẹn, abúlé tí kò ní iná mànàmáná ṣì pọ̀ láàárín Ìjerò sí Ẹ̀fọ̀n.

Kọ̀ǹpútà tó ń sọ̀rọ̀ tẹ̀lé e. Ted Henter, ẹni tí ojú tirẹ̀ náà fọ́, ṣe JAWS, ètò tó ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà sókè. Ní ọdún 2006, Michael Curran, ọ̀dọ́mọkùnrin afọ́jú ní Australia, bẹ̀rẹ̀ NVDA, tó jẹ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ayé. Akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ wa tí kò lówó láti ra JAWS rí NVDA lò. A rí i pé ọ̀pọ̀ nínú ohun tó wúlò jù fún afọ́jú, ọwọ́ afọ́jú fúnra rẹ̀ tàbí ọwọ́ òbí afọ́jú ló ti jáde.

Bí kọ̀ǹpútà ṣe kọ́ láti ríran

Lẹ́tà kíkà rọrùn ju ayé wíwò lọ. Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì 26 ni. Ohun tó wà láyé kò lónkà. Ní ọdún 1966, Seymour Papert ní yunifásítì MIT rò pé iṣẹ́ àsìkò ìsinmi kan ṣoṣo ti tó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti kọ́ kọ̀ǹpútà bí a ṣe ń dá nǹkan mọ̀ nínú àwòrán. Ó gba nǹkan bí àádọ́ta ọdún.

Ohun tó ṣòro níbẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà kì í rí igi tàbí ewúrẹ́. Nọ́ńbà ló ń rí: wọ́n gé àwòrán sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún tótó kékeré, wọ́n sì fún tótó kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà gẹ́gẹ́ bí ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ rẹ̀ bá ṣe rí. Àwọn onímọ̀ ìṣáájú gbìyànjú láti kọ òfin: ewúrẹ́ ní ìwo, ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin. Ṣùgbọ́n bí ewúrẹ́ bá dùbúlẹ̀, bó bá yí ẹ̀yìn padà, òfin náà a dàrú. Àwọn mìíràn, bíi Kunihiko Fukushima ní Japan ní ọdún 1980 àti Yann LeCun ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1989, gba ọ̀nà míì. Wọ́n to ìṣirò ní ìpele ìpele: ìpele àkọ́kọ́ ń wá etí ìlà, èyí tó tẹ̀lé e ń wá igun àti ìrísí, èyí tó wà lókè ń wá odidi nǹkan. Ní ti LeCun, wọ́n á fi àwòrán hàn án pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Bó bá ṣì í pè, wọ́n á tún ìṣirò náà ṣe díẹ̀, wọ́n á sì tún fi òmíràn hàn án, léraléra, títí yóò fi mọ̀ ọ́n.

Àwòrán púpọ̀ ni ọ̀nà yìí ń jẹ. Ní ọdún 2009, Fei-Fei Li àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ImageNet jáde, àkójọ àwòrán tó padà ju mílíọ̀nù 14 lọ, tí ènìyàn ti fún lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 2012, Alex Krizhevsky, Ilya Sutskever àti Geoffrey Hinton ní Toronto fi ẹ̀rọ wọn díje lórí rẹ̀. Àṣìṣe tiwọn jẹ́ nǹkan bí 15 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí ti ẹni tó wà ní ipò kejì jẹ́ 26. Láti ọjọ́ náà ni ìríran kọ̀ǹpútà ti di ohun tí a lè fi ràn ènìyàn lọ́wọ́ lójoojúmọ́.

Ojú wọ inú fóònù

Fóònù alágbèéká ti wà nílẹ̀ láti gba ìríran kọ̀ǹpútà yìí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2001 ni fóònù GSM bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, nígbà tí yóò sì fi di bí ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, òpó fóònù ti ń yọ lórí òkè Èkìtì. Ní ọdún 2009, Apple fi ohùn tó ń ka ojú fóònù sókè sínú iPhone, Google náà fi TalkBack sínú Android ní ọdún kan náà. Fóònù tó jẹ́ gíláàsì pẹrẹsẹ, tí kò ní bọ́tìnnì tí ọwọ́ lè mọ̀, wá di ohun èlò afọ́jú.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ojú fúnra rẹ̀ wọlé. Ní oṣù kìíní ọdún 2015, Hans Jørgen Wiberg, ará Denmark tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, gbé Be My Eyes jáde. Afọ́jú á gbé kámẹ́rà fóònù rẹ̀ sókè, aláàánú kan níbòmíràn láyé á sì sọ ohun tó rí fún un. Ní ọdún 2017, Microsoft gbé Seeing AI jáde, iṣẹ́ tí Saqib Shaikh, onímọ̀ kọ̀ǹpútà tí kò ríran, darí. Áàpù náà ń ka ìwé sókè, ó ń sọ iye ènìyàn tó wà níwájú, ó ń dá àmì ọjà mọ̀. Google mú irú rẹ̀, Lookout, wá ní ọdún 2019. Ní ọdún 2023, Be My Eyes fi ọgbọ́n àtọwọ́dá ilé-iṣẹ́ OpenAI kún tirẹ̀: afọ́jú lè ya àwòrán, kí ó sì béèrè ìbéèrè lórí rẹ̀ bí ẹni ń bá ọmọ ilé sọ̀rọ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn fi kámẹ́rà sára awò ojú, ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ni wọ́n ta irú èyí tí OrCam ṣe, ó sì kọjá agbára àgbẹ̀ àti oníṣòwò ilẹ̀ wa.

Ẹ jẹ́ ká ro ohun tí èyí túmọ̀ sí. Bébà tó yọ afọ́jú kúrò nínú ẹ̀kọ́ ti ń padà sọ̀rọ̀. Ìyá tí kò ríran ní Àrámọ̀kọ lè gbé fóònù sókè sí lẹ́tà ọmọ rẹ̀ kí ó sì gbọ́ ọ, láìsí pé aládùúgbò kọ́kọ́ mọ àṣírí inú rẹ̀. Ọmọ amọ̀nà lè lọ sí ilé-ìwé.

Náírà: ìdánwò tó le jù

Bí a bá fẹ́ mọ bí ẹ̀rọ yìí ṣe wúlò tó, ọjà ni ká gbé e lọ. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973 ni náírà gba ipò pọ́n-ùn. Kọ́bọ̀ onírin ṣì wà nígbà náà, ọwọ́ sì ń mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ́n gógó ọjà láti àwọn ọdún 1980 sọ owó onírin di ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbà mọ́. Bébà wá gba gbogbo rẹ̀: náírà 100 ní ọdún 1999, 200 ní ọdún 2000, 500 ní ọdún 2001, 1000 ní ọdún 2005. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló gùn bákan náà, tó sì fẹ̀ bákan náà. Ìka tó mọ ọ̀nínì yàtọ̀ sí kọ́bọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ rí ohun tó máa fi mọ 200 yàtọ̀ sí 1000, pàápàá bí owó náà bá ti gbó. Afọ́jú tó ń tajà ní Ìjerò wá di ẹni tó ní láti gbára lé òótọ́ inú ẹni tó ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwà ìrẹ́jẹ tó wà nínú èyí kò kéré, gbogbo wa la sì ti gbà á bí ẹni pé kò sí àtúnṣe.

Àwọn áàpù tó ń dá owó mọ̀ wà lónìí, bíi Cash Reader, tó ń mọ owó orílẹ̀-èdè púpọ̀: a gbé owó síwájú kámẹ́rà, ó sì pe iye rẹ̀. Kò sí iṣẹ́ kan nínú gbogbo iṣẹ́ ẹ̀rọ tó ń ríran tó yá ju èyí lọ fún wa. Ṣùgbọ́n ní oṣù kejìlá ọdún 2022, báńkì àpapọ̀ yí àwọ̀ 200, 500 àti 1000 padà. Ẹ̀rọ èyíkéyìí tó ti mọ owó àtijọ́ ní láti tún ẹ̀kọ́ kọ́, nítorí pé kò tíì rí owó tuntun rí. Ẹni tó bá fi í sílẹ̀ láìkọ́, owó tuntun di àjèjì sí i. Ibí yìí ni ẹ̀kọ́ kejì ìtàn wa ti fara hàn kedere jù lọ.

Ibi tí ojú ẹ̀rọ mọ

Àwọn tó yẹ ImageNet wò rí i pé nǹkan bí 45 nínú ọgọ́rùn-ún àwòrán rẹ̀ ló wá láti Amẹ́ríkà nìkan. Ní ọdún 2018, Joy Buolamwini, ọmọbìnrin tó ní ìpilẹ̀ Ghana, àti Timnit Gebru dán àwọn ẹ̀rọ tó ń wo ojú ènìyàn wò. Lórí ọkùnrin aláwọ̀ funfun, àṣìṣe wọn kò tó 1 nínú ọgọ́rùn-ún. Lórí obìnrin aláwọ̀ dúdú, ọ̀kan nínú wọn ṣàṣìṣe dé nǹkan bí 35. Ìwádìí mìíràn láti ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ Facebook ní ọdún 2019 fi hàn pé ẹ̀rọ máa ń ṣi nǹkan inú ilé tálákà pè ju ti inú ilé olówó lọ. Ẹ̀rọ náà kò kórìíra ẹnikẹ́ni. Wọn kò fi wá hàn án ni.

Kí ni yóò ṣe ní òkè Ẹ̀fọ̀n? Ó mọ ọ̀nà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀ àti iná tó ń darí ọkọ̀. Ọ̀nà tiwa ní gọ́tà tí kò ní ìdérí, ọ̀kadà tó ń gba ọwọ́ òdì, òkúta tí ọ̀gbàrá gbé wá sójú ọ̀nà, àti ìsọ̀ tó yọrí sí títì. Bí wọn kò bá fi ìwọ̀nyí hàn án, ewu ni fún ẹni tó bá gbẹ́kẹ̀ lé e. Ọgbọ́n àtọwọ́dá tuntun náà a tún máa fi ìgboyà sọ ohun tí kò sí nínú àwòrán. Ìdí nìyí tí ọ̀pá funfun fi gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ síbẹ̀, tí kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rọ nìkan ka ìlò oògùn láìbi ènìyàn léèrè.

Ní ti èdè, ìwé Yorùbá ní àmì lókè àti nísàlẹ̀ lẹ́tà. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ìwé Gẹ̀ẹ́sì nìkan kọ́ a máa pa àwọn àmì náà rẹ́, ohùn tó ń kà á á sì máa pe ohun tí etí Yorùbá kò gbọ́ yé. A ti ń rí ìtẹ̀síwájú. Google fi Yorùbá sínú ètò ìtumọ̀ rẹ̀ ní ọdún 2013. Kọ́lá Túbọ̀sún àti ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àkójọ orúkọ Yorùbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọdún 2015, ó sì ti ṣiṣẹ́ lórí ohùn kọ̀ǹpútà tó ń sọ Yorùbá. Àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ Áfíríkà tó wà nínú ẹgbẹ́ Masakhane ń kó ọ̀rọ̀ jọ fún èdè wa. Ní ọdún 2023, Meta gbé ètò tó ń sọ èdè tó lé ní 1,100 jáde, Yorùbá wà lára wọn. Ohun tó kù ni láti so ojú àti ohùn yìí pọ̀, kí àgbà tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè lò ó.

Òfin náà ti ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀. Nàìjíríà fàṣẹ òfin ti àdéhùn Marrakesh lẹ́yìn ní ọdún 2017, èyí tó fàyè gba dída ìwé kọ fún afọ́jú láìtọrọ àṣẹ ẹni tó ni ìwé. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, Ààrẹ Buhari buwọ́ lu òfin tó ka ìyàsọ́tọ̀ sí àwọn aláàbọ̀ ara léèwọ̀. JAMB, àjọ tó ń ṣe ìdánwò àbáwọlé sí yunifásítì, ti gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ láti ọdún 2017 lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Okebukola tó ń ṣètò ìdánwò fún àwọn tí kò ríran. Àwọn ọmọ tó ti ibẹ̀ wọ yunifásítì ti fi hàn pé ojú kọ́ ni orí.

Ohun tó yẹ ká ṣe

Ìwòsàn ló kọ́kọ́ yẹ. Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín ọdún 2005 sí 2007 fi hàn pé ẹni tó lé ní mílíọ̀nù kan nínú àwọn tó ti pé ọmọ 40 ọdún ló fọ́jú, àti pé 84 nínú ọgọ́rùn-ún ìfọ́jú náà ló ṣeé yẹra fún tàbí wò sàn. Ohun tó ń fa púpọ̀ jù nínú rẹ̀ ni kàtáráàtì, èyí tó ń sọ awò inú ojú àgbà di funfun, tí iṣẹ́ abẹ kékeré sì lè wò sàn. Nínú àwọn ojú tí wọ́n ti fọwọ́ kàn nítorí rẹ̀, ó lé ní 4 nínú 10 tó jẹ́ pé alábẹ́rẹ́ ìta gbangba ló gún un, ọ̀pọ̀ irú ojú bẹ́ẹ̀ ni kò sì ríran mọ́. Ilé-ìwòsàn ìkọ́ni ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó-Èkìtì, kò jìnnà sí Ìjerò. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ ìlera wà ní Ìjerò fúnra rẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ tó yẹ kó rọ́pò iṣẹ́ abẹ fún ẹni tí iṣẹ́ abẹ lè là lójú.

Fún àwọn tí ojú wọn kò lè là mọ́, iṣẹ́ wà fún gbogbo wa. Kí àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Èkìtì ya àwòrán ọ̀nà wa, ọjà wa, odó wa, igbá wa, kí wọ́n sì fún wọn lórúkọ ní Yorùbá. Kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Ìjerò, Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì àti Ẹ̀fọ̀n rí i pé ọmọ afọ́jú kọ̀ọ̀kan rí fóònù, ẹ̀kọ́ lílò rẹ̀ àti ọ̀pá funfun gbà. Kí báńkì àpapọ̀ fi àmì tí ọwọ́ lè mọ̀ dáadáa sára owó, kí ó sì fún àwọn tó ń ṣe áàpù ní àwòrán owó tuntun kí owó náà tó jáde. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí a má ṣe ṣe ohunkóhun fún afọ́jú láìpe afọ́jú wá síbẹ̀, nítorí pé ìtàn tí a tò sílẹ̀ yìí ti fi hàn pé àwọn ni wọ́n mọ ohun tó ṣiṣẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ní àgbà tí ojú rẹ̀ ń ṣú nílé, ẹ mú un lọ sí Ìdó lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ní fóònù tó lè kàwé, ẹ kọ́ ẹni tí kò ríran ní àdúgbò yín bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ohun tí a bá fi han ẹ̀rọ lónìí ni yóò sọ fún ọmọ wa lọ́la.